Ẹ̀yin lọ́yà tẹ́ ẹ fẹ́ jápa, wíìgì yín ò gba fíísà o

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Leeds, níhà àríwá ilẹ̀ Íńgílándì. Ọdún mẹ́jọ gbáko ló fi ṣe iṣẹ́ lọ́yà n'Íbàdàn kó tó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Bí ìsìn bá ti parí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, kó tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, èèyàn mẹ́ta mẹ́rin á ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo lẹ́tà tí Home Office kọ sí mi yìí." "Lọ́yà wa, ṣé mo lè yí fíísà mi padà láì kúrò níbí?" Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Mà, èmi kì í ṣe lọ́yà níbí o." Wọ́n á rò pé ó ń gbéra ga ni. Obìnrin kan tiẹ̀ sọ ọ́ sí i lójú pé, "Ẹ máa ṣe é lọ. Àwa náà á lówó tá a máa fi rí yín."

Iṣẹ́ wo ló wá ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀? Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe, ó ń tún bẹ́ẹ̀dì tẹ́, ó ń wẹ̀ fún ìyá àgbà kan tó máa ń fi orúkọ ọmọ tiẹ̀ pè é. Iṣẹ́ gidi niṣẹ́ ọ̀hún, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú burúkú wò ó, nítorí owó rẹ̀ ló fi ń ra ìwé tó ń kà. Àmọ́ ìyá wa tó wà n'Íléṣà ò mọ̀. "Ìyá Lọ́yà" ni gbogbo àdúgbò ń pe màmá, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ bí oyè.

Mo bi àbúrò mi nígbà kan pé, kí ló dé tí kò lè bá àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ́tà wọn, ṣebí ó mọ òfin kà. Ó mí kanlẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀wọ̀n lẹ ń pè yẹn."

Mo rò pé àwàdà ni, àṣé òótọ́ ni. Òfin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 1999, Immigration and Asylum Act. Ohun tó sọ ni pé ẹni tí kì í ṣe lọ́yà tí wọ́n mọ̀ lọ́hùn-ún, tí kò sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ yẹn, kò gbọdọ̀ sọ gbígba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí fíísà di iṣẹ́, yálà ó ń gbowó ni o tàbí kò gbowó. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì lè wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé bó o bá sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ pé kó tètè fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á wá gbé ọ. Àmọ́ kéèyàn máa jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kó máa yẹ lẹ́tà Home Office wò fún ogún èèyàn lọ́sẹ̀, ó ti ń sún mọ́ nǹkan míì nìyẹn. Bákan náà, ẹni tó bá ń pe ara rẹ̀ ní solicitor nígbà tí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé wọn, ẹ̀ṣẹ̀ ló ṣẹ̀ lábẹ́ Solicitors Act ti ọdún 1974. Bí ìyẹn bá wá kó bá àbúrò mi, ọ̀nà tó fẹ́ gbà di lọ́yà níbẹ̀ náà ti dí nìyẹn, torí wọ́n máa ń yẹ ìwà èèyàn wò kí wọ́n tó gbà á wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ lọ́yà sọ lónìí rèé. Ọ̀pọ̀ yín ló ti ń kó àpótí. Ẹ ti wo iye tí owó ilé ń lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ti wo bí òtútù ṣe ń mú ní Calgary, ẹ ti mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀gúsí ní Houston. Èwo nínú yín ló ti jókòó kà nípa bí iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ọdún méje kọ́ ṣe máa dé ọ̀hún? Mo ní ọdún méje, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ọdún márùn-ún ní yunifásítì, bíi ọdún kan ní Law School, ọdún kan fún àgùnbánirọ̀. Mi ò tíì ka ti ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ mọ́ ọn.

Eegun ẹsẹ̀ tó kán n'Íbàdàn, bó ṣe kán náà ló máa kán ní Leeds. Dókítà náà máa ṣe ìdánwò, àmọ́ ara èèyàn tó ń wò ò yí padà. Òfin ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́yà tó mọ Land Use Act ti 1978 dórí, tó mọ̀ pé gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ tó yí ọwọ́ padà, kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe ní Leeds? Kò sí gómìnà lọ́hùn-ún. Ó tún máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ilé níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ká má tún wá parọ́ o, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa ṣòfò. Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa lọ́pọ̀. Kò sí ọmọ tó ka lọ́ọ̀ ní Ifẹ̀ tàbí ní Unilag tí kò mọ ẹjọ́ Donoghue àti Stevenson, èyí tí wọ́n dá lọ́dún 1932, nípa obìnrin tó bá ìgbín nínú ìgò jínjà tó ń mu. Ẹjọ́ kan náà yìí ni wọ́n á bi ọ́ ní Leeds, ní Toronto àti ní Melbourne. Ìgbín yẹn ti rin ìrìn-àjò ju gbogbo wa lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìwọ̀sí ni, pé òyìnbó ló ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wa. Mi ò bá wọn sọ ọ́. Bí ọmọ Nàìjíríà bá lọ gba oyè lọ́ọ̀ ní Íńgílándì tó padà wálé, a kì í gbà á bẹ́ẹ̀ yẹn. Bwari l'Ábújá ló ń lọ, ó máa kọ́kọ́ ṣe Bar Part One kó lè mọ òfin ilẹ̀ wa, kó tó bá àwọn yòókù ṣe ti Law School. Wọ́n lè ti dá a lọ́lá ní Lọ́ńdọ̀nù, Bwari ò fẹ́ mọ̀.

Ẹ tún jẹ́ n rán yín létí. Nígbà kan, kò síbi téèyàn ti lè di lọ́yà nílẹ̀ yìí. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó di lọ́yà, Inner Temple ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti gbà á lọ́dún 1879. Stella Thomas, obìnrin wa tó kọ́kọ́ di lọ́yà, Middle Temple ló gba tiẹ̀ lọ́dún 1933. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ lọ́dún 1944, ó di lọ́yà lọ́dún 1946, ó sì padà sílé wá ṣiṣẹ́. Ọdún 1962 la tó dá Nigerian Law School sílẹ̀, kí àwọn ọmọ wa má baà máa lọ kọ́ òfin ilẹ̀ ẹlòmíì kí wọ́n tó lè ṣẹjọ́ nílẹ̀ tiwọn. Ní báyìí, ọkọ̀ ti yí orí padà. Àwọn tó kọ́ ọ nílé ló ń lọ sọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Íńgílándì, torí ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù nípasẹ̀ àbúrò mi. Tẹ́lẹ̀, ìdánwò tí wọ́n ń pè ní QLTS làwọn lọ́yà ilẹ̀ òkèèrè ń ṣe. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, SQE dé. Apá méjì ni. Apá kìíní, ìbéèrè 360 ni, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń ṣe é, 180 lójúmọ́. Ìdáhùn márùn-ún ni wọ́n máa tò síwájú rẹ, ọ̀kan ṣoṣo ni kó o mú, kò sì sí ìwé lọ́wọ́ rẹ. Ẹ má wò ó pé mímú ni. Àbúrò mi ní mẹ́ta nínú márùn-ún yẹn ló máa ń jọ òótọ́, wọ́n kàn fẹ́ kó o mú èyí tó dáa jù ni. Òfin ilé àti ilẹ̀ wà níbẹ̀, ti ìwé ìhágún, ti ọ̀daràn, ti ilé-iṣẹ́, títí kan bí lọ́yà ṣe gbọ́dọ̀ ṣírò owó oníbàárà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n ti ṣe é, ìdajì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń yege, àwọn ìgbà kan wà tí kò tó ìdajì.

Apá kejì ni iṣẹ́ gan-an: iṣẹ́ mẹ́rìndínlógún, méjìlá ní kíkọ, mẹ́rin ní ẹnu. Wọ́n á mú òṣèré kan wá bí oníbàárà, ìwọ á bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní kó o dìde kó o rojọ́ níwájú adájọ́. Ibí yìí làwọn lọ́yà wa ti máa ń ya àwọn ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu. Ẹni tó ti dúró níwájú májísíréètì tó ń bínú ní Ìyágankú láago mẹ́sàn-án àárọ̀, òṣèré ò lè dẹ́rù bà á.

Àǹfààní kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ọmọ tó kàwé ní Íńgílándì gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ọdún méjì lábẹ́ àwọn lọ́yà kó tó wọlé. Ẹni tó ti jẹ́ lọ́yà ní Nàìjíríà ò nílò ìyẹn. Ó tún lè kọ̀wé sí SRA, àjọ tó ń ṣàkóso wọn, pé kí wọ́n yọ òun kúrò nínú apá kan ìdánwò nítorí ìrírí tó ní. Ẹ lọ kà á lójú òpó wọn fúnra yín kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ má gba ti ẹni tó ń ta kíláàsì lórí Instagram gbọ́.

Owó wá ńkọ́? Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2021, apá méjèèjì jẹ́ £3,980. Ó ti ju £4,700 lọ báyìí, ìwé àti kíláàsì ò sí nínú ẹ̀. Ẹ fi náírà wa yìí ṣírò ẹ̀, kẹ́ ẹ sì jókòó kẹ́ ẹ tó ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré sì lèèyàn lè ṣe apá kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún mẹ́fà. Apá kìíní yẹn ò di dandan kó o wà ní Íńgílándì kó o tó ṣe é, ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é wà káàkiri ayé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé, ẹ ṣe apá yẹn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé bó bá ṣeé ṣe, nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń sùn lóru. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ òru nílé àwọn arúgbó, tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé láago mẹ́jọ, ìgbà wo ló fẹ́ kàwé?

Àwọn òyìnbó náà ń ṣàṣìṣe o. Lọ́dún 2024, ilé-iṣẹ́ Kaplan tó ń bá SRA ṣe ìdánwò yìí sọ fún èèyàn 175 pé wọ́n fìdí rẹmi, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n yege. Wọ́n padà tọrọ àforíjì. Èyí tó bá ti pàdánù iṣẹ́ tàbí tó ti sunkún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú wọn, àforíjì ò lè dá ìyẹn padà.

Ẹ̀yin tó ń gbé ní Glasgow tàbí Aberdeen, ẹ gbọ́ tiyín náà: SQE ò kàn yín. Òfin Scotland dá dúró, ẹgbẹ́ lọ́yà tiwọn ló máa sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe.

Kánádà ní tiẹ̀, ìlẹ̀kùn méjì lẹ máa kàn. Ìkíní ni NCA, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí àwọn tó kọ́ lọ́ọ̀ nílẹ̀ òkèèrè wò. Wọ́n máa wo ìwé yín, wọ́n á wá sọ iye ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe ìdánwò lé lórí. Márùn-ún ni kò ṣeé yẹ̀: ìpìlẹ̀ òfin Kánádà, òfin ìjọba wọn, òfin ọ̀daràn, òfin àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba, àti bí lọ́yà ṣe gbọ́dọ̀ hùwà. Wọ́n gbà kẹ́ ẹ ṣí ìwé, àmọ́ ẹni tí kò bá kà á tẹ́lẹ̀, àkókò á tán kó tó rí ojú ìwé tó ń wá. Ìlẹ̀kùn kejì ni ẹgbẹ́ lọ́yà ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń gbé. Ní Ontario, ìdánwò méjì ló kù, ti barrister àti ti solicitor, àti iṣẹ́ lábẹ́ àgbà lọ́yà fún bí oṣù mẹ́jọ. Ìgbẹ̀yìn yìí ló máa ń dá àwọn èèyàn wa dúró. Ìdánwò, a mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ ta ló máa gbà ọ́ síṣẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ ọ́? Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀ nílé lè kọ̀wé pé kí wọ́n dín in kù fún òun. Ẹ bèèrè o, ẹnu tó bá pa mọ́, wọn ò ní dín nǹkan kan kù fún un.

Ẹ̀yin tó ń lọ sí Kánádà, ẹ jẹ ọkùnrin kan ní gbèsè ọpẹ́. Mark Andrews lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ lọ́ọ̀. Ní British Columbia nígbà yẹn, ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Kánádà ò lè di lọ́yà, bó ti wù kó mọ̀wé tó. Andrews gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́, ó sì bá a dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Lọ́dún 1989, wọ́n dá a láre pé kò bófin mu láti fi jíjẹ́ ọmọ ìlú dí ìlẹ̀kùn. Amẹ́ríkà ti sọ irú ẹ̀ ṣáájú, lọ́dún 1973, nínú ẹjọ́ obìnrin ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan tó ń jẹ́ Griffiths. Àwọn lọ́yà ló fi òfin ṣí ìlẹ̀kùn fún lọ́yà. Ó wù mí bẹ́ẹ̀.

New York kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà nínú ti ìwé. Ẹni tó bá ka lọ́ọ̀ fún ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì jókòó ní kíláàsì, nílẹ̀ tí òfin rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì bíi tiwa, lè ṣe ìdánwò náà láì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kàwé sí i. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá kù díẹ̀ káàtó lè fi LL.M. dí i. 266 nínú 400 ni máàkì tí wọ́n ń wá. Wákàtí 50 tún wà tó o máa fi ṣiṣẹ́ òfin lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn aláìní. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni pé ìwé àṣẹ lọ́yà New York kì í ṣe fíísà. Mo mọ ẹnì kan tó yege, tó búra, tó fi fọ́tò sórí Facebook tí gbogbo ayé kí i, Surulérè ló ṣì wà.

Kó tó di pé ẹ wọkọ̀ òfurufú, ẹ gba transcript yín. Mo tún un sọ: transcript. New York àti NCA máa fẹ́ kí yunifásítì fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Calgary dúró de tiẹ̀ fún oṣù mọ́kànlá. Yunifásítì kan tí mi ò ní dárúkọ ni. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti ọdún 2022, tó gba oṣù mẹ́jọ, jẹ nínú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, wọ́n ní fáìlì rẹ̀ ti sọnù. Èmi ni mo ń lọ sí ọ́fíìsì yẹn bá a bèèrè. Lọ́jọ́ kẹrin, bàbá kan tó jókòó nídìí tábìlì bi mí pé, "Ṣé ẹ ò lè ní kí ẹni náà wá fúnra rẹ̀ ni?" Mo ní Kánádà ló wà, sà. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Kó wá." Ẹ gba lẹ́tà good standing náà lọ́wọ́ Supreme Court l'Ábújá, kí owó iṣẹ́ yín ọdọọdún sì wà ní sísan, torí ẹni tó bá jẹ wọ́n ní gbèsè, wọ́n lè dá lẹ́tà rẹ̀ dúró títí.

Èrò tèmi ni pé ìtìjú ló ń pa wá ju ìdánwò lọ. Ọ̀pọ̀ lọ́yà wa ló ti dé ọ̀hún tí wọn ò forúkọ sílẹ̀ rí fún nǹkan kan, nítorí wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ pé àwọn tún ń ṣe ìdánwò bí ọmọ iléèwé, bóyá kí wọ́n sì fìdí rẹmi. Ọdún kan á di mẹ́ta, mẹ́ta á di mẹ́wàá. Owó wáhòósì ti dùn, ilé ti wà lọ́rùn, wíìgì ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò dá wọn lẹ́bi pátápátá, ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Bí ẹnì kan bá pinnu pé òun ò ṣe lọ́yà mọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Èyí tó ń dùn mí ni ti ẹni tí kò pinnu nǹkan kan, tó kàn ń sọ pé "tó bá di ọdún tó ń bọ̀".

Àbúrò mi ṣe apá kìíní lọ́dún tó kọjá, kò yege. Máàkì díẹ̀ ló kù. Oṣù méjì ló fi pa á mọ́ra kó tó sọ fún mi, ó ní ọkọ òun nìkan ló mọ̀. Mo bi í pé ṣé ó tún fẹ́ ṣe é. Ó ní òun ti sanwó ti oṣù kìíní. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n jókòó ti òun lórí fóònù kí òun sọ òótọ́ fún màmá, torí ó ti sú òun láti máa purọ́ fún wọn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

A pè wọ́n. Ó sọ gbogbo ẹ̀, ti àwọn arúgbó, ti iṣẹ́ òru, ti ìdánwò tó bọ́. Màmá dákẹ́ pẹ́ títí, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ ni. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ṣé ò ń jẹun dáadáa?" Ó ní òun ń jẹun, mà. Wọ́n tún bi í pé, bó bá yege, ṣé wọ́n máa fún un ní wíìgì tuntun ni àbí ti ilé yìí náà ló máa dé. Ó ní, "Màmá, solicitor kì í sábà dé wíìgì níbí o."

Ìyẹn ló dun màmá jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Wọ́n ní, "Ta ló máa wá mọ̀ pé lọ́yà ni ẹ́?"